Ṣé Ọlọ́run tó kó wọn lọ sí Bábílónì náà ló ní èrò àlàáfíà sí wọn?

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ìsìn àìsùn ọdún tuntun. Mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Pásítọ̀ wa fún wa ní Jeremáyà 29:11 gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ ìlérí ọdún yìí. Wọ́n ní kí oníkálùkù fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, àti pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, Ọlọ́run á ti yí ìgbèkùn wa padà. Ọdún kẹrin rèé tí ọkọ mi ti wà nílé láìníṣẹ́, nítorí náà mo di ẹsẹ náà mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àádọ́rin ọdún ni mo bá ní ẹsẹ kẹwàá. Mo tún rí idà, ìyàn àti àjàkálẹ̀ àrùn nísàlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ṣé Ọlọ́run kan náà ló ń sọ̀rọ̀? Àbí ẹ̀ṣẹ̀ àwọn bàbá wa la ń jìyà rẹ̀? Ṣé mo ṣì lè gba ẹsẹ yìí fún ara mi, àbí kí n fi í sílẹ̀?”

Arábìnrin mi, ohun tó dára lẹ ṣe bí ẹ ṣe ka orí náà tán. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín, wọ́n sì so kọ́ra: ta ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, báwo ni ìyà àti ìlérí ṣe jáde láti ẹnu kan náà, àti pé ṣé ìṣòro ilé yín wà lára ìdájọ́ tí Jeremáyà ń wí. Ẹ̀kẹta yìí ló ń dẹ́rù bà yín jù. Kí ọkàn yín kọ́kọ́ balẹ̀ ná: kò sí ohun kan nínú orí náà tó sọ pé àìríṣẹ́ ọkọ yín jẹ́ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Màá padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́tà ni orí 29 yẹn. Ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Kristi, Nebukadinésárì ọba Bábílónì dó ti Jerúsálẹ́mù. Ọba Jehoiákínì, ọmọ ọdún méjìdínlógún tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ lórí ìtẹ́, jáde lọ fi ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Àwọn ará Bábílónì náà kọ ọ́ sínú wàláà amọ̀ tiwọn pé ọjọ́ kejì oṣù Ádárì ni ìlú náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn. Wọ́n kó ọba, ìyá ọba, àwọn ìjòyè, àwọn jagunjagun, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn alágbẹ̀dẹ lọ. Ìwé Àwọn Ọba Kejì pe iye wọn ní ẹgbàárùn-ún, ìwé Jeremáyà sì pè é ní 3,023. Ó lè jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ìwé kọ̀ọ̀kan kà. Àwọn tálákà nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí èyí o: tẹ́ḿpìlì ṣì dúró nígbà yẹn. Nebukadinésárì fi Sedekáyà, àbúrò bàbá Jehoiákínì, jẹ ọba, àwọn àlùfáà sì ń rúbọ bí wọ́n ṣe ń rú u tẹ́lẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìjì kan ló jà, ó sì ti rọlẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju pé ìgbà wo ni àwọn ará àwọn máa padà dé.

Wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà dá wọn lóhùn. Nínú tẹ́ḿpìlì, níṣojú àwọn àlùfáà àti gbogbo ènìyàn, ó ní báyìí ni Olúwa wí, pé ọdún méjì péré ló kù: Jehoiákínì á padà, ohun èlò ilé Olúwa á padà, gbogbo oǹdè á padà. Jeremáyà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àjàgà igi lọ́rùn rẹ̀, èyí tí Ọlọ́run ní kó gbé kọ́ láti fi hàn pé kí Júdà tẹrí ba fún Bábílónì. Ẹ mọ ohun tó fèsì? “Àmín! Kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀.” Ó sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí ará ìlú rẹ̀ ni wọ́n kó lọ. Hananáyà bá bọ́ àjàgà náà kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ níṣojú gbogbo wọn, Jeremáyà sì bá tirẹ̀ lọ láìsọ nǹkan kan. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé yìí, ibi tí wòlíì tòótọ́ ti yí padà tó ń lọ sílé pẹ̀lú ọrùn òfìfo kì í yéé mú mi lọ́kàn. Kò ní èsì lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Olúwa tó dé, pé igi ni Hananáyà ṣẹ́, irin ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún yẹn, Hananáyà kú.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí pé báwo ni ará ìlú ṣe fẹ́ mọ̀ èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú àwọn méjèèjì, nígbà tó jẹ́ pé “Báyìí ni Olúwa wí” ló wà lẹ́nu wọn. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ àná ni Hananáyà ń tún sọ. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, nígbà tí Ásíríà dó ti Jerúsálẹ́mù, Àìsáyà sọ pé ọ̀tá kò ní wọlé, kò sì wọlé. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n Hananáyà gbé e wá sí ọjọ́ tí kò bá a mu mọ́, láì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá àwọn ènìyàn náà ṣì wà ní ipò tí wọ́n wà nígbà náà. Ewu ìlérí tó dùn rèé: ó lè ti jẹ́ òtítọ́ rí.

Àárín ìjà yìí ni lẹ́tà Jeremáyà ti jáde. Àwọn ikọ̀ Sedekáyà méjì, Ẹlasa àti Gemaráyà, ló bá a mú un lọ sí Bábílónì. Ẹ kọ́ ilé, kí ẹ máa gbé inú wọn. Ẹ gbin ọgbà, kí ẹ jẹ èso wọn. Ẹ gbéyàwó, kí ẹ fẹ́yàwó fún àwọn ọmọ yín. Ẹ wá àlàáfíà ìlú tí mo kó yín lọ, kí ẹ gbàdúrà fún un, torí nínú àlàáfíà rẹ̀ ni ẹ ó ti ní àlàáfíà. Ẹ rò ó wò, kí wọ́n ní kí èèyàn gbàdúrà fún ìlú tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó o lẹ́rú! Ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ kì í gbin ọsàn síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí Ṣemaáyà, ọ̀kan nínú wọn ní Bábílónì, tó fi kọ̀wé padà sí Jerúsálẹ́mù pé kí ló dé tí wọn kò bá Jeremáyà wí, ẹni tó ń sọ fún àwọn pé ó máa pẹ́.

Ọ̀pọ̀ wọn ṣe ohun tí lẹ́tà náà wí. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn ará Bábílónì máa ń kọ ohun gbogbo sórí amọ̀. Wọ́n rí wàláà kan ní ìlú Bábílónì tí wọ́n kọ iye òróró tí wọ́n ń bù fún Jehoiákínì ọba Júdà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin márùn-ún sí. Wọ́n tún rí ìwé àdéhùn láti abúlé kan ní ilẹ̀ Bábílónì tí wọ́n ń pè ní Ìlú Júdà, àkọ́kọ́ nínú wọn jẹ́ ti ọdún 572, nínú èyí tí àwọn tí orúkọ Olúwa wà nínú orúkọ wọn ti ń dá oko, ń san owó orí, ń yá owó, wọ́n sì ń pín ogún. Oko ẹrú tí Fáráò kó àwọn bàbá wọn sí kọ́ nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sunkún létí odò Bábílónì, bí Orin Dáfídì 137 ti wí. Ìgbé ayé gidi ló wà níbẹ̀. Ẹkún gidi náà wà níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ẹsẹ kọkànlá fúnra rẹ̀. Nínú Bíbélì wa, Ọlọ́run kì í fi “ẹ̀yin” bọ̀wọ̀ fún ènìyàn. Bó bá ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, “ìwọ” ló ń lò. Nítorí náà, “yín” tó wà nínú ẹsẹ yẹn kì í ṣe ti àgbà, ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní èdè Hébérù. Gbogbo àwọn tí wọ́n kó lọ ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ lápapọ̀, àti arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Bí a bá wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àádọ́rin ọdún, ọ̀rọ̀ náà á wúwo lọ́kàn wa. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó gbọ́ lẹ́tà náà kò lè retí pé òun máa fojú ara òun rí ilé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa rí i. Síbẹ̀, òun pẹ̀lú ni Ọlọ́run sọ fún pé èrò àlàáfíà lòun ní sí i.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí n tú sílẹ̀. Bíbélì wa àtijọ́ sọ pé Ọlọ́run fẹ́ fún wọn ní “ìgbà ìkẹyìn” àti ìrètí, àwọn kan sì ti rò pé òpin ayé ló ń wí. Aharit lọ̀rọ̀ Hébérù náà, ó wá láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹ̀yìn. Hébérù ń wo ọjọ́ tó ń bọ̀ bí ohun tó wà lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pè é ní ẹ̀yìn ọ̀la. “Ìgbẹ̀yìn” ló sún mọ́ ọn jù lójú mi. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni nígbà tí a bá ní kí Olúwa jẹ́ kí ìgbẹ̀yìn wa dára, kò sì sí ẹni tó ń gba àdúrà yẹn tó ń retí pé kó ṣẹ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Ẹ béèrè bóyá Ọlọ́run kan náà ni. Òun ni. Ìdájọ́ tí àwọn wòlíì ń sọ ní ìdí tí wọ́n dárúkọ, kò kàn já bọ́ láti ọ̀run. Jeremáyà dúró lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì, ó ní wọ́n ń ni àlejò, ọmọ aláìníbaba àti opó lára, wọ́n sì tún ń wá síbẹ̀ láti sọ pé àwọn ti rí ìgbàlà. Ó sọ fún Ọba Jehoiákímù, bàbá Jehoiákínì, pé ó ń kọ́ ààfin láìsan owó iṣẹ́ fún àwọn tó kọ́ ọ. Èyí tó burú jù lójú mi wà ní orí 34. Nígbà tí Bábílónì dó ti ìlú lẹ́ẹ̀kejì, Sedekáyà àti àwọn ìjòyè bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé àwọn máa dá àwọn Hébérù tó jẹ́ ẹrú lọ́dọ̀ àwọn sílẹ̀. Wọ́n dá wọn sílẹ̀. Kò pẹ́, àwọn ọmọ ogun Íjíbítì ń bọ̀, àwọn ará Bábílónì ṣí kúrò nídìí odi fúngbà díẹ̀. Kí wá ni wọ́n ṣe? Wọ́n lọ kó àwọn ẹrú náà padà. Ọlọ́run ní ẹ̀yin kò kéde òmìnira fún ará yín, èmi náà kéde òmìnira fún yín, sọ́wọ́ idà, àjàkálẹ̀ àrùn àti ìyàn. Àwọn tó kọ̀ láti tú ẹrú sílẹ̀ di ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú. Lẹ́yìn ìdótì bí ọdún kan àbọ̀, odi ìlú wó, tẹ́ḿpìlì jóná ní 586, wọ́n pa àwọn ọmọ Sedekáyà lójú rẹ̀, wọ́n sì yọ ojú rẹ̀ méjèèjì.

Ọlọ́run tó ṣe èyí ni wọ́n sì ń retí. Àwa tí wọ́n fi “bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra” tọ́ kò yẹ ká rò pé ó ṣàjèjì, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bíbá ọmọ wí lọ. Léfítíkù 26 ti la májẹ̀mú sílẹ̀ tipẹ́: bí wọ́n bá kọ òfin, wọ́n á lọ sí ìgbèkùn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá wà ní ilẹ̀ ọ̀tá pàápàá, Ọlọ́run kò ní ta wọ́n nù. Inú ìwé kan náà ni ìyà àti ìrètí ti ń bọ̀. Hósíà pe ọmọ rẹ̀ ní “Kì í ṣe ènìyàn mi,” ó sì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa pe Ísírẹ́lì ní ọmọ Ọlọ́run alààyè. Ìsíkíẹ́lì rí i pé ògo Olúwa dìde kúrò nínú tẹ́ḿpìlì, ó sì bani nínú jẹ́, ṣùgbọ́n Bábílónì lòun fúnra rẹ̀ wà nígbà tó ń rí i, lọ́dọ̀ àwọn oǹdè, níbi tí ògo náà ti kọ́kọ́ fara hàn án létí odò Kébárì. Àwọn tó kù ní Jerúsálẹ́mù ń sọ pé àwọn tó lọ ti jìnnà sí Ọlọ́run. Ọlọ́run ní òun ti di ibi mímọ́ fún wọn níbẹ̀.

Ní ti ẹ̀ṣẹ̀ àwọn bàbá, ìbéèrè yín kì í ṣe tuntun. Òwe kan wà lẹ́nu àwọn tí wọ́n kó lọ, pé àwọn bàbá ló jẹ àjàrà tí kò pọ́n, eyín àwọn ọmọ ló kan. Ìsíkíẹ́lì lo odindi orí kan, ìkejìdínlógún, láti sọ pé kí wọ́n má pa òwe náà mọ́: ọkàn tó bá ṣẹ̀ ni yóò kú, ọmọ kò ní ru ẹ̀bi bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyókù pamọ́ fún yín. Ìwé Ẹkún Jeremáyà ní àwọn bàbá ṣẹ̀, wọn kò sí mọ́, àwa la ń ru ẹ̀bi wọn. Àwọn ọmọdé tí ebi pa lójú pópó Jerúsálẹ́mù kọ́ ló mú ẹrú kankan padà sí oko ẹrú. Ìwé yẹn kò ṣàlàyé ikú wọn, ó kàn sunkún lórí wọn ni, èmi náà kò sì ní àlàyé tí mo lè fi bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé nígbà tí wòlíì bá ń dájọ́, ó ń dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ń dárúkọ ẹni tó dá a. Kò sí èyí tó wo ọkùnrin tó ń wáṣẹ́ kiri, kó wá máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tó lè dì rù ú. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ló ṣe bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run sì bínú sí wọn. Nígbà tí ìyàwó mi ṣàìsàn fún ìgbà pípẹ́, ẹnì kan tí a bọ̀wọ̀ fún sọ fún un lórí ibùsùn pé kó wádìí ìdílé bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju àìsàn náà lọ. Mi ò mọ ìdí tí iṣẹ́ kò fi tíì yọjú fún ọkọ yín, mi ò sì ní purọ́ mọ́ Ọlọ́run láti wá ìdí kan fún yín.

Ṣé ìlérí náà ṣẹ? Ó ṣẹ, àmọ́ kò rí bí wọ́n ti lálàá rẹ̀. Kírúsì ọba Páṣíà gba Bábílónì ní 539, ó sì yọ̀ǹda fún wọn láti padà lọ kọ́ tẹ́ḿpìlì. Ẹ́sírà ka 42,360 tó padà, láìka àwọn ìránṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ kò padà rárá. Nígbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ tẹ́ḿpìlì lélẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ hó fún ayọ̀, àwọn àgbà tó ti rí ti àtijọ́ sunkún kíkan, débi pé ẹnikẹ́ni kò lè mọ ariwo ayọ̀ yàtọ̀ sí ariwo ẹkún. Iṣẹ́ náà dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Hágáì àti Sekaráyà fi ta wọ́n jí ní 520, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 515, nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ jóná. Síbẹ̀, kò sí ọba nílé Dáfídì. Nínú ìwé Nehemáyà, wọ́n ṣì ń gbàdúrà pé ẹrú làwọn lórí ilẹ̀ tí Ọlọ́run fún àwọn bàbá àwọn. Ìmúpadàbọ̀sípò sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, tó ṣe gudugudu méje lórí ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, mọ ìtumọ̀ ìgbèkùn lára: 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn nígbà tó wà lọ́mọdé, ó di 1846 kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀, Abẹ́òkúta ni wọ́n sì ti pàdé, kì í ṣe ilé tí wọ́n ti já a gbà.

Nítorí náà, ṣé kí ẹ fi ẹsẹ náà sílẹ̀? Àwọn olùkọ́ kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, torí kì í ṣe yín ló kọ ọ́ sí. Mi ò bá wọn dé ibẹ̀. Bíbélì fúnra rẹ̀ tún lẹ́tà náà kà: Dáníẹ́lì kà á, ó gbààwẹ̀ lé e lórí. Pásítọ̀ yín náà kò ṣìnà pátápátá tó bá pe ìṣòro ní ìgbèkùn, torí Bíbélì sọ pé Ọlọ́run yí ìgbèkùn Jóòbù padà, bẹ́ẹ̀ Jóòbù kò kúrò nílé rẹ̀ rí. Oṣù mẹ́ta yẹn ni ìjà mi wà. Èmi náà á ṣe Àmín sí i bí Jeremáyà ti ṣe, tọkàntọkàn, àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ Ọlọ́run kọ ọjọ́ sórí ilé yín. Ẹ máa ka ẹsẹ kọkànlá pẹ̀lú ẹsẹ karùn-ún. Ohun tí ẹ lè gbìn báyìí, ẹ gbìn ín. Bí iṣẹ́ kékeré kan bá wà tí ọkọ yín ń sún síwájú torí pé ó ń retí èyí tó tóbi nínú oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ará ìjọ, torí “yín” ni Ọlọ́run wí: ìjọ tó bá gba ẹsẹ náà pẹ̀lú yín gbọ́dọ̀ bá yín ru ọdún kẹrin yìí.

Nígbà tí ìdótì kejì ń lọ lọ́wọ́, tí Jeremáyà wà nínú àhámọ́ ní àgbàlá ààfin, ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀ wá bá a pé kó ra oko ní Anatótì, abúlé wọn. Abúlé náà wà lọ́wọ́ ọ̀tá. Jeremáyà wọn ṣékélì fàdákà mẹ́tàdínlógún fún un, ó pe ẹlẹ́rìí, ó sì ní kí Bárúkù akọ̀wé rẹ̀ fi ìwé ilẹ̀ náà sínú ìkòkò amọ̀ kó lè pẹ́, torí wọ́n á tún máa ra ilé, oko àti ọgbà àjàrà ní ilẹ̀ yìí. Òun kò dá oko náà rí. Lẹ́yìn tí ìlú ṣubú, àwọn ènìyàn rẹ̀ fipá mú un lọ sí Íjíbítì, Bíbélì kò sì sọ pé ó padà. Ṣùgbọ́n nínú orí kejì ìwé Ẹ́sírà, níbi tí wọ́n ti ń ka àwọn tó padà bọ̀ láti Bábílónì ní abúlé-abúlé, ẹsẹ kẹtàlélógún ní: àwọn ọkùnrin Anatótì, 128.